Àárín Ọkọ̀

Ọlọ́kọ̀ kan ló dá a sílẹ̀, n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Àwa mẹ́jọ là ń ti Ẹ̀pẹ́ kọjá lọ síbi ìsìnkú.
Ó na ọ̀pá sí mi bí ẹni ń ka ẹrù:
"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bọ́ sí àárín,
kí ọkọ̀ má baà fì."
Ará ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Omi ọ̀sà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí ní Pópó-Ọbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.
Mo ti fi téèpù yí ìbàdí gbogbo àdúgbò po,
mo mọ ìbú èjìká ìyàwó Lèmọ́mù,
mo mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀.
Ìbàdí tèmi ni n kò wọ̀n rí.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù,
mo fi téèpù yí ara mi po,
etí rẹ̀ méjèèjì ń wo ara wọn lókèèrè
bí àna méjì tó ń jà.
(Ọmọ-iṣẹ́ mi ti gé díẹ̀ lára téèpù náà.
Ìyẹn ni mo fi tu ara mi nínú.)

Kí ló gbé mi débẹ̀?
Ẹ bi ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ló ń rí ẹnu mi.
Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù láàárọ̀, gbígbóná,
nínú ìwé ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ;
míníráàlì lọ́sàn-án, oòrùn ni mo ń dá lẹ́bi;
lálẹ́, ẹ̀bà tó ga bí òkìtì ọ̀gán,
n óò gbé e mì, n óò sùn tì í.
Ebi kọ́ ló ń pa mí.
Bí iṣẹ́ bá ti dín lọ́wọ́,
ẹnu a wá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.

Mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà wèrè.
Ọjọ́ mẹ́ta, omi àti àgbo kíkorò nìkan.
Lọ́jọ́ kẹta mo rán apá bùbá mọ́ ọrùn rẹ̀,
òòyì kọ́ mi, abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò.
Nọ́ọ̀sì Adéṣewà bá mi dì í, kò pariwo:
"Ìwọ tí ẹja ń sùn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ,
ebi lo fẹ́ fi pa ara rẹ?
Aṣọ tó bá fún oníbàárà rẹ, ṣé o máa ń fà á ya ni?
Ṣebí ojú rírán lò ń tú, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.
Míníráàlì ló kọ́kọ́ lọ.
Ó lé ní oṣù kan kí ahọ́n mi tó dárí jì mí.
Mo gba àwo kékeré ìyá mi àgbà,
ẹ̀bà kò lè gun etí rẹ̀ kọjá;
mo fi tẹ̀tẹ̀ kún un, mo fi gbúre kún un,
àti ẹpìyà tí mò ń sè, tí n kò dín mọ́.
Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí ọjà Olúwo.
Ọlọ́kadà á pè mí, n óò ṣe bí adití.
Àpò ẹja lọ́wọ́, òógùn lẹ́yìn, mo ti padà délé.

Ẹ má rò pé ó rọ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.
Iléyá dé, mo jẹ ẹran àgbò mọ́jú,
mo jẹ èyí tí wọ́n ní kí n gbé fún Àlájà Múínátù pẹ̀lú.
Mo sunkún díẹ̀. Mo fọ àwo.
Lọ́jọ́ kejì mo tún rìn lọ sí Olúwo.

Ìyá mi ní àìsàn ló ń ṣe mí, ta ni yóò fẹ́ egungun?
Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àyà mi,
ọkàn ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́
bí ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta epo sí.

N kò tíì di tẹ́ẹ́rẹ́. Bóyá n kò ní dà bẹ́ẹ̀ láé.
Àmọ́ etí téèpù ti pàdé:
àwọn àna ń kí ara wọn, wọn ò tíì dì mọ́ra.

Lóṣù tó kọjá mo tún wọ ọkọ̀.
Ọlọ́kọ̀ kan náà ni. Kò dá mi mọ̀,
kò na ọ̀pá sí ẹnikẹ́ni.
Mo rí i bí omi ṣe ń ta sí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ lára.
Mo dìde fúnra mi,
mo lọ jókòó sí àárín,
níbi tí aṣọ tuntun tí mo rán fún ara mi
kò ti ní tutù.